Mak Jalinus, Ẹni Tó Ń Fura sí Òjò

Ní ọjọ́ ọjà kan, ọkùnrin kan wá ta oògùn ní ìlú wa. Ó pa àtíbàbà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́, ó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pariwo pé láti ọdún méje tí òun ti ń ta oògùn náà, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó lò ó tó padà wá sọ fún òun pé kò ṣiṣẹ́. Àwọn èèyàn ti ń nawọ́ owó sí i. Mak Jalinus, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, dúró láàárín wọn, ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ó ní òun fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan: àwọn tó lò ó tí wọ́n sì kú, ọ̀nà wo ni wọ́n máa gbà padà wá sọ? Ẹ̀rín pa ọjà, owó padà sínú àpò. Ọkùnrin náà bú u títí ó fi di ẹrù rẹ̀ tán. Mak Jalinus ní òun kò sọ pé oògùn náà kò dára, ìbéèrè lásán lòun béèrè.

Bó ṣe rí nìyẹn. Bí o bá sọ fún un pé òjò ń rọ̀, á na ọwọ́ jáde kó tó gbà, bí ọwọ́ náà bá sì tutù, á wo òkè wò bóyá ẹnì kan ló ń da omi. Àwọn ọmọ àdúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní Afura-sójò. Àwọn àgbà kì í sábà fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí òun ni agbẹnusọ wọn.

Iṣẹ́ ẹnu niṣẹ́ rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ìdílé obìnrin ló ń tọrọ ọkọ; bí ìdílé wa bá fẹ́ lọ tọrọ ọkọ fún ọmọbìnrin wa, Mak Jalinus ló máa jókòó síwájú. Agbẹnusọ ti ọ̀hún á sọ tirẹ̀, Mak Jalinus á tún gbogbo rẹ̀ sọ láìyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, kó lè dájú pé ohun tó gbọ́ ni wọ́n sọ. Lẹ́yìn náà á yíjú sí àwọn ará ilé wa, á bi wọ́n bóyá wọ́n fara mọ́ ọn, kó tó wá dáhùn. Mo ti rí ọjọ́ tí ìrẹsì tutù, tí ọbẹ̀ ẹran dì nínú abọ́, tí àwọn méjèèjì ṣì ń fi ọ̀rọ̀ dídùn bi ara wọn bóyá kí àwọn àlejò jẹun. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń se ọ̀rọ̀ dídùn kì í sáré jẹ ti ẹlòmíì. Ó ní ẹnu òun gan-an ti mú kí àwọn èèyàn gba ohun tí kò yẹ kí wọ́n gbà, nítorí náà, kí ló dé tí òun máa fi gba ẹnu ẹlòmíì gbọ́?

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ó ń gbé ìfura náà wá sínú ilé wa pẹ̀lú. Alẹ́ ló ń sùn nílé ìyàwó rẹ̀, bí gbogbo ọkùnrin wa ṣe ń ṣe; ní àárọ̀ yóò ti wà lórí àtẹ̀gùn ilé wa, ilé ìyá rẹ̀, níbi tí ìyá mi ti di olórí. Ohunkóhun tí a bá sọ, ìbéèrè mẹ́ta ló ń tẹ̀ lé e. Ṣé o rí i ni àbí wọ́n sọ fún ọ? Kí ni nǹkan mìíràn tó lè fà á? Ta ni yóò jèrè bí mo bá gbà á gbọ́? Mo ti sọ fún un rí, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, pé inú ń run mí. Ó bi mí ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kó tó dé orí ẹ̀kẹta mo ti bì sórí aṣọ tó ró mọ́dìí, ó wá gbà.

Ọdún tí mo pé mẹ́tàdínlógún ni ìwé dé pé mo yege, pé mo lè wá kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí ní ìlú Padang. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, orí ìwé yẹn ló dá lé. Bàbá mi, tí gbogbo èèyàn ń fi oyè ìgbéyàwó rẹ̀ pè ní Sutan Mangkuto, aránṣọ ni ní ọjà, ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n ti rán wá láti ìlú ńlá ti ń pa ọjà rẹ̀. Ó lè jókòó láti àárọ̀ kó má rán ju ìdí ṣòkòtò kan lọ. Ìyá mi, Yusnidar, ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a sínú àpótí, kò sì ṣí àpótí náà fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ilẹ̀ kan wà, oko ìrẹsì tó wà nísàlẹ̀ odò, tó jẹ́ ti ìdílé wa láti ọ̀dọ̀ ìyá ìyá wa. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á. A lè fi í dógò, ṣùgbọ́n ìdí mẹ́rin péré ni àṣà gbà: òkú tó wà nílẹ̀ tí a kò rí fi sin, ọmọbìnrin tó ti dàgbà tí kò rí ọkọ, oyè ìdílé tó ti sùn tí a fẹ́ jí, àti ilé ńlá tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Ìwé kíkà kò sí níbẹ̀. Àwọn baba ńlá wa kò mọ̀ pé ọmọbìnrin lè fẹ́ lọ sí Padang.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin, bàbá mi wà ní ṣọ́ọ̀bù, ìyá mi pè mí wọ yàrá rẹ̀. Ó gbé àpótí ìjókòó lé orí àpótí aṣọ, ó ní kí n dì í mú. Ó gun un, ó ti ilẹ̀kùn àjà sókè, ó wọ ibẹ̀ lọ. Àlùmọ́gàjí ńlá bàbá mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ògbólógbòó tó fi ń gé aṣọ nípọn. Mo gbọ́ tó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ìdọ̀tí dúdú láti ara òrùlé, tí wọ́n fi okùn ọ̀pẹ ṣe, sì ń já bọ́ sójú mi. Mo bi í pé kí ló ń ṣe.

Ó ní, "Òjò ń bọ̀."

N kò gọ̀. Mo di àpótí náà mú dáadáa.

Òjò dé ní ọjọ́ kejì lóòótọ́. Omi ń ro sórí ẹní, ìyá mi gbé ọpọ́n sábẹ́ rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ìyàwó Datuk Bandaro, olórí ìdílé wa, wọlé wá rí ọpọ́n náà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti pe ìpàdé sílé wa. Ìyá mi sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ní ṣókí: òrùlé ń jò, àṣà sọ pé bí òrùlé bá ń jò a lè fi oko dógò, ọkùnrin kan ní ìlú kejì sì ṣe tán láti gbà á. Díẹ̀ nínú owó náà á tún òrùlé ṣe, ìyókù, tí kò dárúkọ ní ìpàdé, á gbé mi dé Padang. Ọ̀rọ̀ náà lọ geere. Ẹnikẹ́ni kò rí ibi tí yóò ti mú un. Datuk Bandaro ti ń palẹ̀ ọ̀fun mọ́ láti sọ pé ó tán, nígbà tí Mak Jalinus ní ọ̀rọ̀ náà dára, ó dára jù. Ó ní òun fẹ́ ọjọ́ méje láti wo òrùlé.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí ẹnì kan ṣoṣo kò bá gbà, kò tíì di ìpinnu. Wọ́n kùn, wọ́n ní ó tún ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n lọ sílé. Datuk ní kí ó rọra, kí ó má jẹ́ kí ìfura mú òun wọ òkùnkùn. Mak Jalinus fèsì pé páńsá kò fura, páńsá já; àjà kò fura, àjà jìn. Ìyá mi ń kó ife.

Mak Jalinus gbé àkàbà, ó gun òrùlé láti ìta. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń yí ẹyọ okùn kan lọ́wọ́, mo sì mọ̀ pé ó ti rí i. Okùn tó bá jẹrà máa ń ya ni. Èyí tó rí, ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo gbogbo wa, ṣùgbọ́n bàbá mi ló ń wò jù. Ọkọ nínú ilé wa, àlejò ni. Ó lè gbé ibẹ̀ fún ogún ọdún, kó bímọ márùn-ún, bí nǹkan bá sọnù, òun ni wọ́n kọ́kọ́ máa yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò.

Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í bá ọkọ àbúrò rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ní tààrà. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Nítorí náà Mak Jalinus lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó, ó gba omi ewé kọfí nínú igbá àgbọn, ó mu ún tán kó tó lanu. Mo wà níbẹ̀, mo ń tú bọ́tìnnì.

"Sutan, mo gbọ́ pé àwọn ológbò àdúgbò yìí ti ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ."

Bàbá mi yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀. Oníbàárà tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, n kò rí i."

"Orí òrùlé ni wọ́n ti ń kọ́ ọ."

"Ibẹ̀ dára. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ níbẹ̀."

"Àlùmọ́gàjí yín yẹn, ṣé ó ṣì mú?"

"Ó mú, Ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹ fẹ́ gé nǹkan ni?"

"Rárá o. Mo kàn béèrè ni."

Nígbà tó lọ tán, bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ní àṣálẹ́ ó bi ìyá mi bóyá òun ṣẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá mi ní kó jẹun. Kò jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà, kò sì jẹun dáadáa lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀rù wá bà mí gidigidi. Bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ gún ọkọ kan ní ìpàdé ìdílé ìyàwó rẹ̀, kì í jà. Yóò ká aṣọ rẹ̀, yóò gbé ìrọ̀rí rẹ̀, yóò padà sí ilé ìyá tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lé e, ẹnikẹ́ni kì í sì lọ pè é padà. Mo fẹ́ràn Padang, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí bàbá mi fi ìrọ̀rí rẹ̀ san án. Bí mo bá sì sọ òótọ́, ìyá mi ni yóò jókòó láàárín ìdílé bí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ilé ìyá rẹ̀ ya.

Ní àárọ̀ ọjọ́ keje, ọjọ́ ìpàdé, Mak Jalinus pè mí sórí àtẹ̀gùn. Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá ní ọ̀rọ̀ ńlá láti sọ. Á kọ́kọ́ fi í dán mi wò, iṣẹ́ mi ni kí n wá ibi tó ti jò.

"Elmi, gbọ́. Òrùlé kò jẹrà, wọ́n gé e ni. Ohun tó gé e mú, ojú rẹ̀ sì gùn. Ohun kan ṣoṣo ló rí bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí. Aránṣọ ló ni ín, aránṣọ náà kò rí iṣẹ́ mọ́, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sì ti gbó. Ta ló gé e?"

Ó dùn ún gbọ́. Bí kì í bá ṣe bàbá mi ni, èmi náà ì bá gbà á.

Mo ní, "Mak, ṣé ẹni tó ni àlùmọ́gàjí nìkan ló lè mú un lọ́wọ́?"

"Rárá. Máa bọ̀."

"Ìta lẹ ti wò ó. Ṣé ẹ ti wò ó láti inú?"

"Kí ni mo fẹ́ lọ wò nínú àjà? Inú yàrá ìyá rẹ ni ilẹ̀kùn àjà wà."

Mo rí i bí ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ṣe yí padà tó sì kojú rẹ̀. Bàbá mi kì í wọ yàrá yẹn ní ọ̀sán. Bí ilẹ̀ bá ṣú ló ń wọ̀ ọ́, ìyá mi yóò sì ti wà níbẹ̀. Mak Jalinus dìde. Ìyá mi wà ní ilé ìdáná lẹ́yìn, ó ń lọ ata. Mak Jalinus wọ yàrá náà, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ìdọ̀tí dúdú wà lórí fìlà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dúdú. Kò wojú mi, ọwọ́ mi ló wò.

Ó ní, "Ta ló di àpótí mú?"

Mo kó ọwọ́ mi sẹ́yìn. Ó ní ó dáa, ó sì lọ fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́bàá ìkòkò omi, ó pẹ́ gan-an tó ń fọ̀ ọ́.

Ìdílé pé jọ. Àwọn ọkùnrin jókòó yí ògiri ká, àwọn obìnrin jókòó sí apá tiwọn, bàbá mi wà nítòsí ilẹ̀kùn níbi tí àwọn ọkọ ń jókòó sí. Datuk Bandaro ní ọjọ́ méje ti pé, kí Afura-sójò sọ ohun tó rí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo ń wo bàbá mi. Ó ti wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, bí ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò.

Mak Jalinus kò fi òwe ṣí i, kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ilẹ̀ àti lọ́wọ́ òkè bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní òrùlé tí òjò jẹ ni à ń pè ní òrùlé tó ń jò. Èyí tí ọwọ́ èèyàn gé, ọgbẹ́ ló ní. Ẹni tó dá ọgbẹ́ sí i lára ni yóò wò ó sàn. Òrùlé yìí, wọ́n gé e ni. Nítorí náà ìdí kẹrin kò sí, oko kò sì ṣeé fi dógò.

Datuk bi í pé ta ló gé e.

"Èmi ni."

Ó ní òun gun òrùlé ní oṣù tó kọjá láti wo bóyá okùn ọ̀pẹ ibẹ̀ ti ń jẹrà, òun gé díẹ̀ láti wo inú rẹ̀, òun gé e jù. Ojú ti òun, ìdí nìyẹn tí òun fi tọrọ ọjọ́ méje. Òun rò pé òun á tún un ṣe kí òjò tó dé, òjò sì yára ju òun lọ.

Datuk wò ó títí. Ó wá fi ìbéèrè tirẹ̀ bi í. "Jalinus, ta ló rí ọ?"

"Kò sí. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín ní ẹ̀kẹta, Datuk. Bí ẹ bá gbà mí gbọ́, kí ni mo máa jèrè?"

Ohun tó parí rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n gbà á. Ogójì ọdún ló ti ń fi ẹ̀rí tó dájú bá wọn sọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá a jiyàn dé ọ̀sán. Ọjọ́ tó parọ́, kí èèyàn tó mu ife omi kan tán ni gbogbo wọn ti gbà. Èèyàn kì í parọ́ mọ́ ara rẹ̀, wọ́n ní. Mo jókòó níbẹ̀, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jò, n kò sì lè sọ ọ́. Wọ́n ní kó tún òrùlé ṣe, kó pa ewúrẹ́ kan fún ìdílé, kó má sì jókòó síwájú mọ́ bí wọ́n bá ń lọ tọrọ ọkọ, nítorí ẹni tó ba ilé ìyá rẹ̀ jẹ́ tó sì fi í pa mọ́ kò lè ṣojú rẹ̀. Ọkùnrin kan tí kò tó ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ohùn rẹ̀ dùn, kì í tún ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni sọ kó tó dáhùn.

Ìyá mi kò gbé orí sókè títí gbogbo wọn fi lọ. Bàbá mi padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń fọn fèrè ẹnu lójú ọ̀nà; títí ó fi kú, kò mọ̀ pé a ti fura sí òun rí nítorí òrùlé náà. Mak Jalinus jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ìyá mi gbé omi ewé kọfí wá fún un, ó gbé e sílẹ̀, ó sì fẹ́ wọlé.

Ó ní, "Nidar. Kí ló dé tó ò fi sọ fún mi? Mo ní igi kọfí lórí òkè. Èmi ni mo gbìn ín, kì í ṣe ti ìdílé. Kí ló dé tó ò fi wá bá mi?"

Ìyá mi yíjú padà sí i. Ó ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu ọwọ́ tó ti gbẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí ìyá wa ń kú lọ, mo ránṣẹ́ sí yín lórí òkè kọfí yẹn. Ṣé ẹ rántí ohun tí ẹ ní kí oníṣẹ́ náà padà wá bi mí?"

Ó rántí. Mo rí i lójú rẹ̀.

"Ẹ ní, ta ló sọ pé ó ń kú. Ṣé mo rí i ni, àbí wọ́n sọ fún mi. Kí n tó fèsì ránṣẹ́ padà, ó ti kú. Ó ń pe orúkọ yín. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò lè tọrọ iyọ̀ pàápàá lọ́wọ́ yín."

Mak Jalinus gbé igbá àgbọn náà, ó sì tún gbé e sílẹ̀ láìmu. Mo rò pé yóò sọ̀rọ̀, yóò ṣàlàyé, ẹnu kì í ṣe ohun tó wọ́n fún un. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀ bó ṣe ń wo ọ̀nà, àgbàlagbà ọkùnrin, kò sì nù ún.

Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ìgbà wo ni wọ́n ń wọlé ẹ̀kọ́ ní Padang?"

Ìyá mi wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

Ó yà á lẹ́nu, ó yà mí lẹ́nu. Irú ìbéèrè tirẹ̀ gan-an ló padà wá bá a, láti ẹnu àbúrò rẹ̀, n kò sì rò pé ó ní ìdáhùn tí obìnrin yẹn lè gbà gbọ́. N kò dúró kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

Mo ní, "Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni, Mak." Ó dìde, ó gbé àdá rẹ̀ àti àpò tó fi ń kó kọfí lọ ọjà, ó sì gba ọ̀nà òkè kọfí lọ láì béèrè nǹkan mìíràn.